Ọkọ Tó Wà Lára Ògiri

Ewúrẹ́ ni Hàbíbàt àti Mọ́nsúrátù fi ń kí ara wọn láàárọ̀. Agbolé kan náà ni wọ́n ń gbé ní Gamkalley, ládùúgbò kan ní Niamey, ògiri kan ṣoṣo ló la yàrá wọn, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó jẹ́ kọ́kọ́ kí ẹnì kejì, torí ẹni tó bá kọ́kọ́ kíni ti gbà pé òun ni àbúrò. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, Hàbíbàt á yọ orí síta, á ní, "Ewúrẹ́, ṣé o jí ire?" Mọ́nsúrátù á gbà á láti ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ pé, "Ewúrẹ́, a dúpẹ́ o. Ọmọdé kan tó ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta ni kò jẹ́ n sùn." Ewúrẹ́ á ní "mẹ̀ẹ́ẹ̀", á sì máa jẹ ewé sàláàdì rẹ̀ lọ.

Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó dàgbà jù nínú wọn lóòótọ́. Ìlọrin ni wọ́n ti wá, ọkọ oníkálukú ti kú tipẹ́, àwọn tí ì bá jẹ́rìí ti wọlẹ̀. Káàdì ìdánimọ̀ wọn kò ran ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Akọ̀wé tó ṣe é fún wọn wo ẹnu ti àkọ́kọ́, ó wo ẹnu ti ìkejì, ó ronú lórí eyín tó ṣẹ́kù, ó wá kọ ọdún kan náà fún àwọn méjèèjì, ó fi "vers" ṣáájú rẹ̀, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní "fẹ́ẹ̀", ìyẹn ni pé ó lè tó bẹ́ẹ̀, ó sì lè má tó o.

"Fẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí mi," ni Hàbíbàt máa ń wí, á sì fi ọwọ́ lu ìdí ara rẹ̀ tó kún orí àpótí. "Ìyá mi rọbí ní fẹ́ẹ̀, ó bímọ ní fẹ́ẹ̀. Ìdí yìí nìkan ni kì í ṣe fẹ́ẹ̀."

Ohun kan ṣoṣo tó ń mú wọn jókòó sórí ẹní kan náà ni ìwé ìtàn adẹ́rùbani. Sàlímà, ọmọ ọmọ Hàbíbàt tó ń lọ sí líìsì, iléèwé girama àwọn Faransé, ló kó àrùn náà wọlé. Ìwé Faransé ló máa ń yá níléèwé, èyí tí àǹjọ̀nú wà nínú rẹ̀ tí wọ́n sì ń pa èèyàn. Lẹ́yìn ìrun alásárì, á jókòó sábẹ́ dóńgóyárò, á máa ka Faransé sínú, á máa sọ Yorùbá síta. Hàbíbàt fẹ́ràn ẹ̀rù ju ẹran lọ. Bí òkú bá ti fẹ́ dìde nínú ìwé, á di itan ara rẹ̀ mú, á máa pariwo pé, "Sá! Kí lò ń dúró wò? Òpònú, sá!" Lọ́jọ́ tí ọwọ́ kan ṣoṣo yọ láti inú kànga, ẹ̀rù bà á débi pé ó só, ìsó náà kò sì dákẹ́.

"Àǹjọ̀nú ni," ni ó wí kíákíá.

"Àǹjọ̀nú tó jẹ ẹ̀wà lánàá," ni Mọ́nsúrátù dá a lóhùn. Hàbíbàt rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó fẹ́ẹ̀ tún só òmíràn.

Àléébù kan ló wà lára òǹkàwé wọn. Niamey ni wọ́n bí Sàlímà sí. Faransé ló ń sọ níléèwé, Zarma lójú pópó, Hausa lọ́jà, Yorùbá tó wá kù sí i lẹ́nu tẹ́ pẹrẹsẹ bí odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ohùn rẹ̀ kì í gòkè, kì í sọ̀ kalẹ̀. Bó bá ní "igba", ìwọ tí ò ń gbọ́ ni yóò yan èyí tó wù ọ́: igba ni, igbá ni, àbí ìgbà.

Ìwé tó dá wàhálà sílẹ̀ yìí ṣókùnkùn ju gbogbo èyí tó ti kọjá lọ. Ìlú kan ni tí oòrùn ti kọ̀ láti yọ. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan wà níbẹ̀ tó fi òjìji ara rẹ̀ dógò lọ́dọ̀ àjẹ́, kí ó lè máa bá òkú sọ̀rọ̀. Wọ́n bá ìyàwó olówó ìlú náà lókùú nínú yàrá rẹ̀, ìlẹ̀kùn tì láti inú, kò sí ọgbẹ́ kankan lára rẹ̀ àfi ihò kan tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ.

"Kí ló tún wà nínú yàrá yẹn?" ni Hàbíbàt bi Sàlímà bí ọlọ́pàá.

Sàlímà tún ojú ìwé wò. "Ibùsùn, Kàáká. Dígí. Àti ọkọ. Ọkọ wà lára ògiri."

Kàáká ni ó ń pe ìyá àgbà rẹ̀, bí àwọn ọmọ Hausa. Hàbíbàt mi orí. Kí ló yani lẹ́nu níbẹ̀? Pálọ̀ Alhaji wo ni àwòrán baálé kò sí lára ògiri rẹ̀, pẹ̀lú fìlà àti aago ọwọ́ tó ń dán?

"Ọkọ ló pa á," ni ó wí. "Ẹ gbọ́ bó ṣe gbé àwòrán ara rẹ̀ kọ́ kó lè máa ṣọ́ ọ! Mo fi gbogbo eyín mi búra."

"Èwo nínú eyín náà?" ni Mọ́nsúrátù bi í. "Orogún ni, jàre. Ta ní í pani láìkan ìlẹ̀kùn bí kò ṣe orogún?"

Ọ̀rọ̀ di ariwo. Ibi tí wọ́n ti ń pariwo ni Mọ́nsúrátù ti sọ èyí tí kò ṣeé kó padà: "Ó dáa! Ẹni tó bá mọ apààyàn ni ẹ̀gbọ́n. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò máa kúnlẹ̀ kí ẹnì kejì láràárọ̀, títí Ọlọ́hun yóò fi pe ọ̀kan nínú wa."

"Mo gbà!" ni Hàbíbàt wí. "Ewúrẹ́, o jẹ́rìí o."

Láti ìgbà náà ni ara rẹ̀ kò ti balẹ̀. Bó bá ti di ojú, á rí Mọ́nsúrátù tó dúró sórí rẹ̀, tó ń gbọ́wọ́ lé e lórí pé, "Dìde, àbúrò mi, wàá dàgbà." Ta ni yóò kú sí irú èébú bẹ́ẹ̀? Lọ́jọ́ kan tí Sàlímà wà níléèwé, ó yọ ìwé náà lábẹ́ ìrọ̀rí, ó fi híjáàbù bò ó mọ́ àyà, ó wọ takisí, ó di ọjà Petit Marché, lọ́dọ̀ Tóyìb olóògùn òyìnbó. Ọkùnrin tó bá lè ka ìkọ̀wé dókítà, kò sí ohun tí kò lè kà.

"Tóyìb, ọmọ mi, ojú ìwé tó kẹ́yìn ni kó o là fún mi. Ta ló pa á?"

Tóyìb wo ìwé náà, ó gbójú sókè wò ó. "Ẹ̀yin náà, Màmá?"

"Èmi náà kẹ̀! Ṣé ẹni tó dàgbà kì í kàwé ni?"

Tóyìb rẹ́rìn-ín, ó fi ìka tọ ìlà náà. Ọmọ Niamey lòun náà, Yorùbá tirẹ̀ kò ga ju ti Sàlímà lọ. "Ọkọ ni, Màmá," ni ó wí. "Ọkọ ló pa á."

Hàbíbàt jó jáde láàárín àwọn àgbọ̀n tòmátì. Àwọn ọlọ́kadà yà fún un. Kí ọmọ tó dé láti iléèwé, ìwé ti padà sábẹ́ ìrọ̀rí, ojú ìyá àgbà sì mọ́ bí ojú ìkókó.

Nígbà tí wọ́n jókòó lọ́sàn-án náà, Mọ́nsúrátù wú ikọ́. "Mo ti yí ọ̀rọ̀ mi padà o. Orogún kọ́. Ọkọ̀ ló pa á."

"Ọkọ̀ wo?"

"Ọkọ̀ tí wọ́n ń wà! Ọkọ̀ ló pa obìnrin náà."

Ẹ̀rín da Hàbíbàt dùbúlẹ̀. "Nínú yàrá? Lórí ibùsùn? Ṣé takisí Talladjé ló ṣìnà?"

"Ìlú àǹjọ̀nú ni. O ò mọ ohun tí wọ́n ń wà."

Àánú ọ̀tá rẹ̀ fẹ́ẹ̀ ṣe é, ṣùgbọ́n kò pẹ́ níkùn rẹ̀. "Bí kì í bá ṣe ọkọ," ni ó wí, "màá kúnlẹ̀ níbí yìí, n kò sì ní dìde títí o ó fi ní kí n dìde."

"Bẹ́ẹ̀ lèmi náà!" ni Mọ́nsúrátù wí. Ojú rẹ̀ balẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ṣùgbọ́n ayọ̀ kò jẹ́ kí Hàbíbàt rí i.

Sàlímà dé orí tó kẹ́yìn. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kó gbogbo ará ilé jọ sínú yàrá òkú, ó ní kí òjìji kálukú wá rojọ́. Òjìji ìránṣẹ́bìnrin sunkún. Òjìji orogún bú èpè. Hàbíbàt ti di itan mú. "Nígbà náà," ni Sàlímà wí, "ó na ọwọ́ sí ògiri. Ó ní, 'Apààyàn ò jáde níbí rí. Òun nìyí. Ọkọ ni.'"

"MO WÍ BẸ́Ẹ̀!"

Àwọn méjèèjì ló wí i lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn méjèèjì ló fò dìde, àwọn méjèèjì ló ń jó.

"Kúnlẹ̀!" ni Hàbíbàt wí.

"Ìwọ ni kó o kúnlẹ̀! Ọkọ̀ ni ọmọ wí!"

"Ọkọ ni ó wí! Sàlímà, èwo lo wí?"

"Ọkọ," ni Sàlímà wí.

"Ṣé o gbọ́?"

"Ìwọ ńkọ́, ṣé o gbọ́?"

"Kí la tún ń jà lé lórí?" ni Hàbíbàt figbe ta. "Ṣebí Tóyìb fúnra rẹ̀ ló kà á sí mi létí ní Petit Marché pé..." Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọwọ́ pẹ́ kó tó dé.

Ó ń retí kí Mọ́nsúrátù bú gbàù. Ṣùgbọ́n Mọ́nsúrátù tẹ orí ba, ó ń já okùn etí ẹní. 

"Tóyìb olóògùn?" ni ó bi í níkẹyìn, ohùn rẹ̀ kéré. "Kí ló wá dé tó fi sọ fún èmi pé ọkọ̀ ni?"

Wọ́n wo ara wọn. Hàbíbàt wá rántí "ẹ̀yin náà, Màmá". Ikùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ mì, lẹ́yìn náà ni ọmú, kí ẹ̀rín tó dé ẹnu.

"Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jí ìwé mi!" ni Sàlímà pariwo. "Ẹ ò tiẹ̀ gbọ́ Yorùbá! Kì í ṣe mọ́tò, kì í ṣe mùsíọ̀ tó fẹ́ ìyàwó. Ọkọ! Èyí!" Ó fa ọ̀pá gígùn tí wọ́n fi ń ká máńgòrò yọ, ó gbé e sókè èjìká, ó jù ú. Ọ̀pá lọ fíìì, ó gún búútà àlùwàlá Mọ́nsúrátù, omi tú jáde, ewúrẹ́ fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

"Ọ̀KỌ̀!" ni àwọn ìyá àgbà méjèèjì ké.

"Ohun tí mo ti ń sọ nìyẹn," ni Sàlímà wí. "Ọkọ."

Ó wá là á yé wọn. Baba ńlá olówó náà ló máa ń fi ẹ̀jẹ̀ bọ́ ọ̀kọ̀ ara ògiri yẹn. Nígbà tí àwọn ọmọ gbàgbé oúnjẹ rẹ̀, ebi pa á, ó sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ó mu, ó sì padà sáyè rẹ̀.

"Áà, kì í ṣe àwòrán Alhaji!" ni Hàbíbàt wí.

"Èmi rò pé kàlẹ́ńdà ni," ni Mọ́nsúrátù wí, "èyí tí wọ́n ya tírélà sí."

Sàlímà ká ọwọ́ mọ́ àyà. "Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò kúnlẹ̀, àbí? Ẹ̀yin méjèèjì ò mọ̀ ọ́n."

"Kúnlẹ̀ kẹ̀? Ọmọ yìí, màá gbá ọ létí," ni Hàbíbàt wí. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ ti padà, ó ń wò wọ́n. Àwọn àgbà méjèèjì kúnlẹ̀, wọ́n dojú kọ ara wọn, eegun wọn ń dún bí igi tútù nínú iná.

"Dìde, àbúrò mi," ni Hàbíbàt wí.

"Rárá o, ìwọ dìde, àbúrò mi. Wàá dàgbà."

Kò sẹ́ni tó dìde. Ẹni tó bá dìde ti gba àdúrà ẹ̀gbọ́n. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ kúrò ní ti àgídí. Hàbíbàt gbìyànjú, ìdí rẹ̀ kọ̀ láti tẹ̀ lé e.

"Orúnkún mi ti há," ni ó wí tayọ̀tayọ̀. "Orúnkún àgbà!"

"Tèmi ti há ṣáájú tìẹ."

Sàlímà na ọwọ́ sí wọn. Wọ́n tọ́ka sí ara wọn. "Gbé e ná," ni wọ́n wí. "Ọmọdé la kọ́kọ́ ń gbé."

Ó gbé èjìká sókè, ó jókòó, ó fa ìwé mìíràn yọ nínú báàgì. "Ọba kan jí láàárọ̀," ni ó bẹ̀rẹ̀, "ó rí igba lábẹ́ ibùsùn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kún un."

"Igba kí ni?" ni Hàbíbàt bi í láti orí ìkúnlẹ̀.

"Igbá ni ó wí, adití," ni Mọ́nsúrátù wí. "Fara balẹ̀, jẹ́ ká gbọ́."