Àmì Pupa Lẹ́yìn Fóònù

Ọjọ́ kejì tí ìyá rẹ̀ kú ni ohùn ìyá náà tó dé etí rẹ̀.

Ìyá aránṣọ, tí òun àti olóògbé jọ ń gbé lórí òkè ẹ̀yìn ìlú, ló mú fóònù olóògbé wá bá ọmọ olóògbé ní ṣọ́ọ̀bù fóònù tí òun àti ọkọ rẹ̀ ní lójú títì. Kò tíì túfọ̀ tán tí fóònù náà fi gba nẹ́tíwọ̀kì lọ́wọ́ rẹ̀. Ohùn mẹ́ta tí ìyá ti gbà sílẹ̀ lánàá, tó há sínú rẹ̀, rọ́ wọlé sórí fóònù ọmọ lórí káńtà. Ọmọ náà tẹ ọ̀kan.

"Ọmọ mi, àyà ń dùn mí. Mo pè ọ́, kò lọ. Jọ̀ọ́, tètè máa bọ̀."

Ìyá aránṣọ bú sẹ́kún. "Ojú fèrèsé ló dúró sí tó ń na fóònù sókè. Ó ní ìwọ lo ní kí òun máa gbé e sókè díẹ̀ tí nẹ́tíwọ̀kì ò bá sí."

Òun ló sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ohun tó ń sọ fún gbogbo oníbàárà nìyẹn.

Ọkọ rẹ̀ jáde láti yàrá ẹ̀yìn. "Pẹ̀lẹ́, ìyàwó mi. Nẹ́tíwọ̀kì yìí náà ni kò dáa."

Ọdún mẹ́fà ni ìyàwó ti ń bá a ta fóònù. Ó mọ̀ pé ìgbì nẹ́tíwọ̀kì ò rí bákan náà. Òpó nẹ́tíwọ̀kì ojú títì ń lo ìgbì tí kì í rìn jìnnà. Òpó kan ṣoṣo tó ń tan dé orí òkè ń lo èyí tó ń rìn jìnnà. Àwọn fóònù òkè òkun mìíràn wà tí wọn ò ṣe láti gba ìgbì yẹn. Irú wọn ni ọkọ rẹ̀ máa ń fi ọ̀dà èékánná pupa sàmì sí lábẹ́ ike ẹ̀yìn, kí wọ́n lè rí èrò ọ̀nà tà wọ́n fún, ẹni tí kò ní padà wá jà. Òun náà ti bá a tà wọ́n, tẹ̀ríntẹ̀rín. Kò ronú kan ìyá ẹnikẹ́ni rí.

Ó bọ́ ike ẹ̀yìn fóònù ìyá rẹ̀. Àmì pupa ń wò ó.

"Ẹ̀yin lẹ bá mi yan èyí fún màmá. Ẹ ní ó dáa."

"Màmá kì í kúkú pe èèyàn púpọ̀. Mo ní tó bá yá, màá pààrọ̀ ẹ̀."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ránṣẹ́ sí mi lánàá."

"Àmúwá Ọlọ́run ni."

"Ẹ má fi Ọlọ́run bo àmì tí ẹ fọwọ́ yín kùn. Bóyá wọn ì bá kú náà. Ṣùgbọ́n ì bá ṣojú mi."

Ó fi fóònù ìyá rẹ̀ sínú àpò, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lélẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀.

"Mò ń lọ sin ìyá mi. Tí mo bá sin wọ́n tán, mi ò ní padà sílé yín."