Kò Sí Ẹyin

Ọ̀bẹ wọ ikùn ẹja náà, àpò ẹyin méjì sì yọ́ jáde sórí ìwé ìròyìn. Wọ́n pọ́n rúsúrúsú, wọ́n gùn tó ìka ọwọ́. Ọkùnrin tí gbogbo ẹgbẹ́ apẹja ń pè ní Akọ̀wé dúró, ọ̀bẹ lọ́wọ́. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà ni.

Ìyàwó rẹ̀ ló máa ń tún ẹja ṣe nínú ilé náà. Omi gbígbóná bó o lọ́wọ́ ọ̀tún níbi iṣẹ́ ìfọṣọ lánàá, ìdí nìyẹn tí ọkọ fi mú ọ̀bẹ. Akọ̀wé la ẹja kejì. Ẹyin. Ó la ẹkẹta. Ẹyin.

Ó gbọ́ ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì yára ká ìwé ìròyìn bo gbogbo rẹ̀ bí ẹni tó jí nǹkan.

“Kí lẹ̀ ń fi pa mọ́, Bàbá wọn?”

“Ẹja ni.”

“Ẹja ló wá ń tì yín lójú báyìí?” Ó fi ọwọ́ òsì ṣí etí ìwé náà, ó rẹ́rìn-ín. “Ẹyin lásán. Ẹ kó o fún ológbò. Òun ló ń jẹ ẹ́ lọ́dọọdún.”

“Lọ́dọọdún?”

“Títí oṣù kẹfà á fi parí. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kọ ìwé ẹja, ṣé ẹ ò mọ̀ ni?”

Ó lọ fọ ọwọ́, ó fọ̀ ọ́ pẹ́.

Láti oṣù kẹta títí di ìparí oṣù karùn-ún ni ìjọba máa ń ti odò tí wọ́n ti ń pẹja, kí ẹja lè yé ẹyin ní àlàáfíà. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ni àwọn tó ń fi ìwọ̀ pẹja tó lè padà síbẹ̀. Ẹgbẹ́ wọn wá ń fẹ́ kí ìjọba fa ọjọ́ náà wá sí àárín oṣù karùn-ún. Ọ́fíìsì ẹja ní kí wọ́n mú ẹ̀rí wá. Ìwé Akọ̀wé ni ẹ̀rí náà. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń kọ ọ́: ọjọ́, irú ẹja, bó ṣe wúwo tó, àti, ní ìlà tó kẹ́yìn, bóyá ẹyin wà nínú rẹ̀. Ní ọdún àkọ́kọ́ ó la ẹja méjì, inú wọn ṣófo. Ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn ọdún ni ìyẹn, tí kì í ṣe àkókò ẹyin. Láti ìgbà náà, ọwọ́ rẹ̀ ń kọ “kò sí” bí ẹsẹ̀ ṣe ń mọ ọ̀nà ilé.

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni nígbà tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ara rẹ̀, ní ilé ẹ̀kọ́ alẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́ àtúnṣe aago. Ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin. Ó rántí bẹ́ǹṣì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, tí gbogbo wọn fi ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó rántí alẹ́ òjò tó máa ń bọ́ bàtà kó má baà bàjẹ́. “Akọ̀wé” kì í ṣe orúkọ tó lè fi tọrẹ.

Ṣùgbọ́n ohun tí kò jẹ́ kó lè jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìpàdé oṣù kejì ni. Bàbá Atukọ̀, arúgbó tó ti ń tu ọkọ̀ lórí odò náà kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wọn, dìde, ó ní ẹja kò tíì yé ẹyin tán nínú oṣù karùn-ún. Akọ̀wé ṣí ìwé rẹ̀, ó nà án sí i: “Bàbá, ẹ bá wa kà á.” Ó mọ̀ pé bàbá náà kò kàwé. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín.

Ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ tó la ẹja náà, gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ ti ń ṣèpàdé kún. Obìnrin kan láti ọ́fíìsì ẹja jókòó síwájú láti gba ẹ̀rí wọn, bírò lọ́wọ́.

“Oṣù karùn-ún ni ìsinmi wa,” ni Alága, tó ń ta táyà, wí. “Kí odò tó ṣí, a ti padà sẹ́nu iṣẹ́.”

“Òjò pàápàá ò dúró de oṣù kẹfà mọ́,” ni dẹ́rẹ́bà kan wí. “Ṣé ẹja ló máa wá dúró de kàlẹ́ńdà?”

“Tiyín dáa,” ni ẹlòmíràn wí. “Tèmi, kí wọ́n má tì í rárá. Oṣù mẹ́ta tí mò ń jókòó sílé yẹn, ìyàwó mi ní òun ò mọ̀ pé mo lẹ́jọ́ tó bẹ́ẹ̀.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá Atukọ̀ jókòó lẹ́yìn pátápátá, fìlà lórí orúnkún. Kò tíì sọ̀rọ̀ ní ìpàdé kankan láti oṣù kejì.

“Mo ti gbọ́ ohun tí ẹ fẹ́,” ni obìnrin náà wí. “Ohun tí ẹ rí ló kù.”

“Akọ̀wé, ó yá,” ni Alága wí. “Ìwé kì í parọ́.”

Ó dìde. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ṣùgbọ́n ikú kò sí nítòsí, ẹ̀sín nìkan ló wà níkàlẹ̀. Bó bá kà á, ta ni yóò mọ̀? Ìyàwó rẹ̀ àti ológbò.

“Ibi tí mo kọ ‘kò sí’ sí,” ó ní, “n ò wò ó.”

“Ẹ sọ ọ́ sókè, sà.”

“N ò la àwọn ẹja náà. Mo kàn ń kọ ọ́ ni. Mo la mẹ́ta láàárọ̀ yìí, ẹyin wà nínú gbogbo wọn. Ìyàwó mi ní bẹ́ẹ̀ ló ń rí lọ́dọọdún.”

“Akọ̀wé wa,” ni dẹ́rẹ́bà wí, jẹ́jẹ́. Alága ń wo ilẹ̀ bí ẹni tó ń wá ìṣó. “Jókòó, jàre,” ó ní.

Kò jókòó. Ó yíjú sẹ́yìn. “Bàbá, ọjọ́ tí mo na ìwé sí yín, mo mọ̀ pé ẹ ò kàwé. Ẹ foríjì mí.” Ó dúró de èébú. Èébú ì bá tù ú lára.

Bàbá Atukọ̀ gbé fìlà sórí orúnkún kejì. “Ẹyin tó o rí láàárọ̀ yìí, nígbà tó o fìka tẹ̀ ẹ́, ó ṣì le, àbí ó ti rọ̀?”

“Ẹ̀n?”

“Tó bá ṣì le, ó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó yé e. Á jẹ́ pé ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà gan-an ti yá jù. Tó bá ti rọ̀, ọ̀sẹ̀ yìí náà ni. Èwo ni?”

Obìnrin náà gbé bírò rẹ̀ lé ìwé. Arúgbó náà tẹ̀ síwájú, ó dẹ etí bí ẹni tó ń béèrè àlàáfíà ìbátan rẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà. Kò sí ẹ̀gàn lójú rẹ̀. Akọ̀wé wá a nínú orí rẹ̀: àwọ̀ pupa rúsúrúsú, ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ tó ń yára ká ìwé ìròyìn.

“N ò tẹ̀ ẹ́,” ó ní.

“Háà,” ni bàbá náà wí, ohùn ẹni tí ẹja já mọ́ lọ́wọ́ létí omi.

Obìnrin náà gbé bírò kúrò lórí ìwé láìkọ nǹkan kan. Akọ̀wé ṣì wà ní ìdúró láàárín wọn. Láti àárọ̀, ìtìjú ara rẹ̀ nìkan ló ti ń wò. Kò tíì wo ẹja.