Ẹjọ́ Màálù Fẹ́nbì

Tíṣà Dúrójaiyé kò rí ibi tí wọ́n ti ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì rí láyé rẹ̀. Jọ́gíráfì ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní Èjìgbò títí tó fi fẹ̀yìntì. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ pàápàá, ẹ̀ẹ̀kan ló gbá a, inú àwọ̀n ara wọn ló sì gbá a sí. Àna tó ní nílùú Òyìnbó ló gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ agbolé rẹ̀.

Ọpẹ́mipọ̀, ọmọbìnrin rẹ̀, ló fẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan ní agbègbè tí wọ́n ń pè ní Kẹ́ńtì. Bàbá ọkọ rẹ̀, Míṣitá Píítà, ń kọ ìtàn kíríkẹ́ẹ̀tì àwọn abúlé agbègbè náà láti ayé àwọn baba ńlá wọn. Ní gbogbo Sátidé, àwọn àna méjèèjì a máa sọ̀rọ̀ lórí fóònù kí wọ́n lè mọ ara wọn. Òyìnbó kò mọ nǹkan kan nípa iṣu, Tíṣà kò mọ nǹkan kan nípa kíríkẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n Òyìnbó ló lẹ́nu jù, nítorí náà kíríkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń sọ.

Lọ́jọ́ kan, Míṣitá Píítà ní ìwé òun ti há síbì kan. Abúlé méjì ló há a, Fẹ́nbì Òkè àti Fẹ́nbì Ìsàlẹ̀. Láyé ọjọ́un, àwọn méjèèjì jọ gbá kíríkẹ́ẹ̀tì. Ọmọ Òkè kan fi pátákó gbá bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù yí gbirigbiri lọ sí ìdí igi kan tí màálù wà. Kí àwọn ará Ìsàlẹ̀ tó sáré débẹ̀, màálù ti dùbúlẹ̀ lé e. Òfin eré náà sì ni pé níwọ̀n ìgbà tí bọ́ọ̀lù kò bá tíì padà, àwọn méjì tó mú pátákó lọ́wọ́ lè máa sá lọ sá bọ̀. Ìgbàkigbà tí wọ́n bá ti pààrọ̀ ipò, ayò kan nìyẹn. Wọ́n sáré títí ilẹ̀ fi ṣú. Màálù kò dìde. Òkè ní àwọn ló borí, Ìsàlẹ̀ ní ojoro ni. Láti ìgbà náà, wọn kò kí ara wọn mọ́, wọn kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹnì kejì ló borí.

Tíṣà gbé ìtàn yìí lọ sí ṣọ́ọ̀bù Mùtàlíbù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, tó ń ta páàtì ọ̀kadà láti ìgbà tó ti Àbíjáànì dé. Ó rò pé wọn yóò jọ fi rẹ́rìn-ín ni. Mùtàlíbù kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ṣéènì tó ń nù sílẹ̀.

"Ta ló ni màálù?"

"Òyìnbó kò sọ."

"Báwo ló ṣe máa sọ? Ará Òkè ló ni ín! Wọ́n ti kọ́ ọ ni. Ṣé màálù lásán ló máa mọ ibi tí bọ́ọ̀lù wà?"

"Mùtàlíbù, màálù ni. Ó rẹ̀ ẹ́ ni."

"Ó rẹ̀ ẹ́? Kí ló rù? Nọ́ọ̀n! Rárá o! Tíṣà, n kò mọ̀ pé ará Òkè ni ẹ́ látọjọ́ yìí."

Tíṣà náà kò mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe sọ ọ́ yẹn dùn ún dé egungun, ló bá fi ìbínú dìde. "Tó bá jẹ́ bó ṣe rí nìyẹn, ará Òkè ni mí!"

Ọ̀rọ̀ náà ràn bí iná inú ọyẹ́. Kí ọjà tó tún ná, Èjìgbò ti pín sí méjì. Ọlọ́kadà Ìsàlẹ̀ kò gbé èrò Òkè. Àwọn ará Ifẹ̀-Ọ̀dàn, ìlú ìtòsí, ní Ìsàlẹ̀ làwọn ń ṣe, nítorí àgbẹ̀ làwọn, àwọn mọ ohun tí màálù ń fi ojú ẹni rí. Ìlú Masifa náà bọ́ sí Òkè, wọn kò sọ ìdí rẹ̀. Sàrátù, ìyàwó Mùtàlíbù, wá gba odó rẹ̀ tó yá Damaris, ìyàwó Tíṣà.

"Ìyá Ọpẹ́, ẹ má bínú sí mi. Kì í ṣe èmi. Ọ̀rọ̀ màálù yẹn ni."

Damaris yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá Ọpẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ibo gan-an ni Fẹ́nbì yìí wà?"

Tíṣà tú gbogbo máàpù ilé, ó wá a títí, kò rí i.

Nígbà tí ará Òkè àti ará Ìsàlẹ̀ fa ẹ̀wù ya mọ́ ara wọn lọ́rùn níbi ìkómọ kan, Bàbá Oyèníran, àgbà àdúgbò, ránṣẹ́ pe àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì. "A kò lè máa jà lórí ohun tí a kò rí," ni bàbá wí. "Ẹ jẹ́ ká rí i."

Káfíńtà gbẹ́ pátákó. Alápatà yá wọn ní màálù. Pápá ilé ẹ̀kọ́ kún bámúbámú. Tíṣà àti ọkùnrin kan láti Masifa mú pátákó fún Òkè, Mùtàlíbù kó àwọn tirẹ̀ jáde fún Ìsàlẹ̀. Wọ́n ju bọ́ọ̀lù, Tíṣà di ojú, ó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ gbá a. Bọ́ọ̀lù yí lọ, ó dúró níwájú màálù. Màálù wò ó. Gbogbo pápá na ọrùn. Màálù kúnlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀ lé e.

"Ẹ sáré!" ni ará Òkè kígbe.

Tíṣà ń sáré. Mùtàlíbù ń ti màálù, ó fi Yorùbá bẹ̀ ẹ́, ó fi Hausa bẹ̀ ẹ́, ó fi Faransé bú u. Màálù ń jẹ àpọ̀jẹ. Tíṣà ti ń mí hẹlẹhẹlẹ, ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ dúró, ariwo á sọ, "Ṣé ẹ fẹ́ tà wá ni?" Ìgbà tó yá, ojú rẹ̀ ṣú, ó ṣubú lulẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú omi ni Mùtàlíbù.

"Ṣé torí Fẹ́nbì lo fi fẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́ báyìí?" Ó bu omi sí i lójú. Tíṣà di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Bàbá Oyèníran wo àwọn méjèèjì nílẹ̀, ó wo màálù. Ó ní, "Òkè ti ṣubú, Ìsàlẹ̀ ti fi òógùn wẹ̀. Ta ló wà níbí tí kò rẹ̀? Màálù ló borí."

Tíṣà fi ìdájọ́ náà ránṣẹ́ sí àna rẹ̀. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Ọpẹ́mipọ̀ ló pè.

"Bàbá mi, ẹ ti dá ìjà sílẹ̀ o. Míṣitá Píítà ka ìdájọ́ yín fún àwọn ará Fẹ́nbì, wọ́n ní kí ló kan Èjìgbò? Wọ́n ní ẹ fi àwọn wé màálù. Abúlé méjèèjì ṣèpàdé pọ̀ lórí yín ni, ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí wọ́n máa jókòó pọ̀. Wọ́n ti fẹnu kò pé ọ̀mì ni, inú Míṣitá Píítà dùn, ìwé ti ń lọ."

Tíṣà sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti fún un ní ìròyìn ayọ̀ náà.

"Ọ̀mì kẹ̀?" Mùtàlíbù fò dìde. "Lẹ́yìn gbogbo làálàá wa? Ta ló fún wọn láṣẹ?"

"Mùtàlíbù, àwọn ló ni ìjà."

"Tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ti fi sílẹ̀, àwa la ni ín báyìí. Jókòó. Òkè lo ṣì ń ṣe àbí?"

Tíṣà fa àga sún mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì jókòó.

"Òkè ni," ni ó wí. "Màálù yẹn, ó rẹ̀ ẹ́ ni."