Ọ̀dà Tí Ń Gbé Ariwo Mì

Ọ̀gá Zacchaeus ti kọ ọ́ sínú ìwé pé iṣẹ́ náà forí ṣánpọ́n, àmọ́ Àdíját, tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò, kò gbà. Lọ́dún 1992 ni wọ́n da oríṣi ọ̀dà méjì sójú títì kan ní Ìdímù, níwájú ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi. Ọ̀kan ni èyí tá a ti mọ̀ tipẹ́. Èkejì ní ihò wẹ́wẹ́ lára, tí wọ́n ní yóò máa gbé ariwo táyà mì, kí àwọn ọmọ lè gbọ́ ohun tí olùkọ́ wọn ń sọ. Ọ̀gá wọ̀n wọ́n, ó ní bákan náà ni wọ́n ń pariwo.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọkọ̀ wo ló gba orí wọn kọjá?" Àdíját béèrè.

"Èyí tó bá ṣáà ti ń kọjá. Tírélà lówùúrọ̀, Píjò lọ́sàn-án."

"Sà, tá a bá fi kóńgò wọn gàrí tèmi, tá a fi agolo mílíìkì wọn tiyín, ta ni yóò mọ ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù?"

Ọ̀gá wò ó sùn-ùn. "Ó dáa. Lọ tún un wọ̀n, jàre."

Láàárọ̀ Sọ́ńdè tí títì dá, Àdíját fi ẹfun sàmì, ó gbé ẹ̀rọ tí ń wọn ariwo kalẹ̀ ní mítà méje àbọ̀ sí àárín títì. Ó kọjú sí dírẹ́bà wọn. "Bọ̀dá Festus, ọgọ́ta kìlómítà ní wákàtí kan ni kẹ́ ẹ máa sá o. Tẹ́ ẹ bá ti dé ibi ẹfun, ẹ gbé jíà sí fíríì, kó lè jẹ́ ariwo táyà nìkan la máa wọ̀n, kì í ṣe ti ẹ́ńjìnì."

Ìgbà mẹ́wàá ni Festus gba orí ọ̀kọ̀ọ̀kan kọjá. Ìyàtọ̀ dẹ̀síbẹ́lì kan péré, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka ariwo, ló jáde; etí ò tiẹ̀ lè mọ̀ ọ́n.

Ọkàn Àdíját rẹ̀wẹ̀sì. Ó kúnlẹ̀, ó fi èékánná ha ọ̀dà oníhò náà. Yanrìn! Yanrìn tí ọ̀gbàrá ń wọ́ bọ̀ láti àwọn àdúgbò tí kò ní ọ̀dà ti dí gbogbo ihò pa. Òun àti Festus fa omi nínú kànga ilé-ìwé, wọ́n fi ìgbálẹ̀ fọ títì náà títí omi fi ń rin wọ inú rẹ̀, wọ́n sì dúró kí oòrùn gbẹ ẹ́. Nígbà tí wọ́n tún un wọ̀n nírọ̀lẹ́, ìyàtọ̀ ti di mẹ́rin, ariwo orí ọ̀dà oníhò ti lọ sílẹ̀ débi tí etí fi lè mọ̀ ọ́n. Festus pàtẹ́wọ́.

Ọ̀gá ka ìwé tí Àdíját kọ èsì náà sí. Ní Sọ́ńdè kejì, òun fúnra rẹ̀ wá, ó ṣe é bí Àdíját ṣe ṣe é gẹ́lẹ́. Mẹ́rin náà ló bá.

"Kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀," ó ní. "Ọkọ̀ kan náà, eré kan náà, títì tá a fọ̀ tó sì gbẹ. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọn títì lọ́fíìsì wa, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe é. Orúkọ rẹ ni kó ṣáájú."

Àdíját ò mọ̀ bóun yóò rẹ́rìn-ín tàbí òun yóò sunkún. "Ẹ ṣé gan-an, sà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa fọ yanrìn yẹn?"

"Ìyẹn náà," Ọ̀gá ní, ó na bírò sí i, "kọ ọ́ síbẹ̀."