Bí Norbert Ṣe Ń To Káàdì

"Màmá, ẹ dijú ná. Ẹ má tíì là á o."

Loretta dijú. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún un ní ìbàdí. Ó jókòó sídìí tábìlì ilé ìdáná rẹ̀ nílùú Erie ní Amẹ́ríkà, ọ̀pá onírin tó fi ń rìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gbọ́ tí Dennis, ọmọ rẹ̀, gbé nǹkan tó wúwo sórí tábìlì.

"Ó yá, ẹ lajú."

Fáìlì ńlá aláwọ̀ búlúù kan ni. Dennis fúnra rẹ̀ ló ṣí i. Ọ̀rá tó mọ́ gaara ni ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ó ní àwọn àpò pélébé-pélébé, káàdì bésíbọ́ọ̀lù kan tó ní àwòrán agbábọ́ọ̀lù sì wà nínú àpò kọ̀ọ̀kan: ọkùnrin tó gbé igi ìgbábọ́ọ̀lù lé èjìká, ọkùnrin tó na ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ há bọ́ọ̀lù, àwọ̀ àwọn káàdì náà sì ti ń ṣá nítorí ọjọ́ ti pẹ́.

"Ọdún-ọdún ni mo tò wọ́n," ni Dennis wí. "Mo wá tẹ̀lé nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn wọn. Ẹnikẹ́ni tẹ́ ẹ bá ń wá, kíá lẹ máa rí i. Níbi tẹ́ ẹ kó wọn sí tẹ́lẹ̀ yẹn, rọ́bà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gé etí wọn jẹ tán."

"Páálí bàtà yẹn dà?"

"Mo ti jù ú nù. Ó ti jẹrà, Màmá."

"Bó o ṣe bá wọn ní ìdì-ìdì yẹn, ṣé o rántí ẹni tó wà pẹ̀lú ẹni?"

"Èwo ni ẹni tó wà pẹ̀lú ẹni? Ṣe ni wọ́n kàn dà rú mọ́ra wọn."

Loretta pa fáìlì náà dé. "O ṣeun," ó wí, pẹ̀lú ohùn tó máa ń fi dá àwọn tó ń polówó ọjà lórí fóònù lóhùn. Dennis wo ojú ìyá rẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, irun iwájú orí rẹ̀ sì ti ń lọ, ṣùgbọ́n bí ọmọ tó mú iṣẹ́ ilé ìwé wálé tí kò sẹ́ni tó yìn ín ló ṣe ń wò ó.

"Kí ni mo ṣe, Màmá?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Ó rẹ̀ mí ni. Máa lọ sílé, ìyàwó ẹ á ti máa retí ẹ."

Àwọn káàdì náà kò dà rú rárá. Norbert, ẹ̀gbọ́n Loretta, ló tò wọ́n bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, kò sí sẹ́ńtì tó dé ọwọ́ wọn tí wọn kò fi ra ṣingọ́ọ̀mù ní ṣọ́ọ̀bù ìkóríta, nítorí káàdì tó wà nínú rẹ̀. Ṣingọ́ọ̀mù náà le bíi páálí, kò sì dùn ju páálí lọ. Norbert kò bìkítà nípa ọdún tàbí nọ́ńbà. Ojú ni tirẹ̀. Á gbé káàdì sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, á wo ojú ẹni náà títí, á wá sọ ẹgbẹ́ tó máa wà. Àwọn tó bá dà bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí wọn lójú oorun, Ẹgbẹ́ Olójú Oorun nìyẹn, ti Loretta ni. Àwọn ọlọ́rùn kíki, Ẹgbẹ́ Alápatà, Caz Wojcik ọmọ ilé kejì ló ni wọ́n. Norbert ló ni Ẹlẹ́rìn-ín, àwọn tó ń fi eyín hàn.

Bí òjò bá ti ń rọ̀, wọ́n á dọ̀bálẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀, wọ́n á máa ju dáìsì. Dáìsì ló ń sọ ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù àti ẹni tó tàsé, àmọ́ wọ́n máa ń ju dáìsì lẹ́ẹ̀mejì fún agbábọ́ọ̀lù tó bá dáa. Norbert á fi ọwọ́ bo ẹnu, á máa ròyìn eré náà bí ọkùnrin inú rédíò, títí ìyá wọn á fi pariwo láti ilé ìdáná pé kí ọkùnrin inú rédíò wá fọ abọ́ o.

Nígbà tí wọ́n pe Norbert sí iṣẹ́ ológun, wọ́n gbá eré kan ṣoṣo sí i kó tó lọ. Loretta ló borí. Norbert fi rọ́bà so ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó kó wọn sínú páálí bàtà, ó sì lọ sójú ogun ní Vietnam. Ó padà wá láàyè, ó ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rọ irin, ó fẹ́yàwó, ó darúgbó, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan àwọn káàdì náà mọ́. Ohun tó máa ń bi Loretta nìkan ni pé, "Àwọn Olójú Oorun ńkọ́?" Loretta á ní, "Wọ́n ń sùn." Lẹ́yìn ikú rẹ̀, gbogbo ìgbà tí bésíbọ́ọ̀lù bá bẹ̀rẹ̀ lọ́dún ni Loretta máa ń ṣí páálí náà, á wò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á sì dá wọn padà bí wọ́n ṣe wà. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí.

Lọ́jọ́ kejì, ó yọ gbogbo wọn kúrò nínú ọ̀rá. Ó rí ẹgbẹ́ tirẹ̀ kó jọ. Ó rántí díẹ̀ nínú àwọn Alápatà. Nígbà tó kan Ẹlẹ́rìn-ín, orí rẹ̀ ṣófo. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé tó lè mọ̀ ọ́n, ẹni náà kò sì wá sí ìsìnkú Norbert. Loretta kò tíì bá a sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà. Ó wo fóònù títí. Ó gbé e.

"Caz, Loretta ni."

"Loretta wo?"

"Loretta mélòó lo mọ̀? Wò ó, ta ló máa ń kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù nínú àwọn Ẹlẹ́rìn-ín?"



"Chick Marano," ni Caz wí. "Má fọwọ́ kàn wọ́n. Mò ń bọ̀."

Ó wá lóòótọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, ó gbé abọ́ pierógì dání, oúnjẹ oníyẹ̀fun tí ọmọbìnrin rẹ̀ fi ọ̀dùnkún sínú rẹ̀ sè. Kò tiẹ̀ bọ́ fìlà rẹ̀ kó tó tẹjú mọ́ àwọn káàdì orí tábìlì, ó sì mú ọ̀kan láàárín àwọn ti Loretta.

"Kí ni Dugan ń ṣe níbí? Tèmi ni Dugan."

"Irọ́! Olójú Oorun ni Dugan."

"Wo ọrùn ọkùnrin yìí, Loretta! Ọrùn màlúù!"

"Wo ojú ẹ̀, ìwọ afọ́jú. Ọwọ́ mi ló wà lọ́jọ́ tí mo nà yín."

Caz fi káàdì náà sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Nà wa. Ṣé Norbert ò sọ fún ẹ rárá?"

"Sọ kí ni?"

"Kò sí ọ̀sẹ̀ tá ò pààrọ̀ wọn. Tó o bá ti lọ kọ́ dùùrù báyìí, a ti bẹ̀rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tó kù ọ̀la tá a máa gbá èyí tó kẹ́yìn, ó ní ká kó àwọn tó dáa fún ẹ, pé òun fẹ́ kó o borí kóun tó lọ. Òun náà ló ní kí n yọ̀ǹda Dugan. Ó ṣì ń dùn mí."

Loretta wo àwọn ojú tó sùn sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Gbogbo ayé rẹ̀ ló ti fi ń yangàn ọjọ́ yẹn. Ó fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló jáde, omijé sì tẹ̀ lé e.

"Kí ló dé tó ò wá sin ín, Caz?"

Caz bọ́ fìlà rẹ̀ wàyí. "Mo wá. Mo wọ kóòtù, mo wa mọ́tò dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Mo rí i tí wọ́n gbé e wọlé. Ẹsẹ̀ mi kọ̀, Loretta. Mo ń sọ fún un pé ó yá, kò dá mi lóhùn."

"Mo bú ẹ."

"Mo mọ̀. Etí mi ń hó."

Ó fa abọ́ pierógì sáàárín àwọn méjèèjì. "Jẹun. Ó ti tutù."

Wọ́n ṣì ń jẹun nígbà tí Dennis dé láti ibi iṣẹ́. Ó rí fáìlì tó ti ṣófo, ó rí àwọn káàdì káàkiri, ojú rẹ̀ sì yí padà. Loretta ní kó jókòó. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un: kápẹ́ẹ̀tì, dáìsì, ọkùnrin inú rédíò, Vietnam. Nígbà tó parí, Dennis kò lè wo ojú rẹ̀.

"Ẹ ò sọ fún mi rí, Màmá."

"Mi ò sọ fún ẹ. Ẹ̀bi mi nìyẹn. O ṣe é dáadáa, mi ò sì yìn ẹ́."

"Ẹ máa pe orúkọ wọn fún mi," ni Dennis wí, ó ti ń kó wọn jọ. "Ẹgbẹ́-ẹgbẹ́, bó ṣe wà. Màá tò ó padà."

Caz àti Loretta wo ara wọn. Ó ṣeé ṣe. Láàárín àwọn méjèèjì, ó kù díẹ̀ kí wọ́n rántí gbogbo rẹ̀.

"Rárá," ni Loretta wí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá àwọn tó ti tò jọ mọ́ ìyókù, ó pò wọ́n pọ̀ títí kò fi sí ẹgbẹ́ kankan mọ́. "Mú ẹnì kan."

"Mi ò mọ ẹni tó dáa nínú wọn."

"Ta ló bi ẹ́ ní ìyẹn? Ojú ni kó o wò."

Dennis bọ́ kóòtù rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó mú ọ̀kan, ọkùnrin kan tó yíjú síbòmíràn bíi pé kò mọ̀ pé wọ́n ń ya òun ní fọ́tò.

"Kí ló dé tó o fi mú ìyẹn?" ni Caz bi í.

"Ó jọ ẹni tó wọ bọ́ọ̀sì tí kì í ṣe tiẹ̀."

Caz lu tábìlì. "Ẹgbẹ́ Aṣìbọ́ọ̀sìwọ̀! Ìyẹn ò sí rí o!"

Loretta fa àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì, ìbàdí ń ta á, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọmọ rẹ̀ wá ẹnì kejì.