Àwo Tí Wọ́n Pè Ní Awo

Ohun tí mo kọ ránṣẹ́ sí Monílọ́lá lórí WhatsApp nìyí, mi ò yọ lẹ́tà kan kúrò: "E fi okan bale. Aarin awo gan-an ni ile Baba Durodola wa. Eti awo lo maa n mi, eti awo wa si jinna, inu okun lo wa."

Ẹ kà á bó ṣe wù yín. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Monílọ́lá ni akọ̀wé ìjọ aládùúrà tó wà ní Omifunfun. Èmi àti ẹ̀ la jọ ṣe girama ní Odigbo kí n tó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ nípa òkúta àti ilẹ̀ ní yunifásítì. Bàbá Dúródọlá ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi, àgbẹ̀ kòkó ni wọ́n, àwọn sì ni Bàbá Ìjọ níbẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá. Lọ́sẹ̀ yẹn, ilẹ̀ ṣàdédé là. Ó là láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó la àgbàlá kọjá, ó wá dúró sí ìdí ògiri ilé Bàbá. Monílọ́lá yà á ní fọ́tò, ó bi mí bóyá ìmìtìtì ilẹ̀ tí wọ́n máa ń fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ló ń bọ̀ wá bá wa.

Inú gáréèjì ní Ore ni mo wà, mò ń jẹ àgbàdo sísun, ọwọ́ kan ni mo fi tẹ èsì. Mi ò fi àmì ohùn kankan sí i. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé òkúta tó bo ayé yìí lójú pín sí ègé ńláńlá bí àwo tó fọ́, pé àárín ọ̀kan nínú àwọn ègé náà ni ilẹ̀ Bàbá wà, àti pé etí àwo, níbi tí ègé kan ti ń gbún èkejì, ni ilẹ̀ ti sábà máa ń mì. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni mo kà á sí.

Lọ́jọ́bọ̀, Monílọ́lá dìde nínú ìpàdé àdúrà láti ka ìtùnú náà fún ìjọ. Ẹni tó bá sì ń kàwé sókè gbọ́dọ̀ yan ohùn. Monílọ́lá yan tiẹ̀: "Àárín awo gan-an ni ilé Bàbá Dúródọlá wà."

Lọ́jọ́ Ẹtì, Bàbá pè mí.

"Rótìmí, o ní inú awo ni mo wà."

"Bàbá, àwo ni mo kọ. Àwo, bí àwo ìjẹun."

"Àwo ìjẹun wo ló wà nínú òkun?"

Mo ṣàlàyé títí ẹnu mi fi gbẹ. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n mí kanlẹ̀.

"Ì bá sàn kí Monílọ́lá pè é ní awó. Ìjọ ì bá kàn wá bá mi jẹ ẹran ẹyẹ. Wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi, Rótìmí. Wòlíì Eli ní tó bá di ọ̀la, àwọn máa fọ́ sìmẹ́ńtì yàrá mi kí àwọn lè hú ohun tí mo rì síbẹ̀. Sìmẹ́ńtì tí ìyàwó mi, ìyá Moyọ̀sọ́lá, pọn omi rẹ̀ látodò, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ́ kó tó kú."

Mo ní mò ń bọ̀.

Láàárọ̀ Sátidé, mo gun ọ̀kadà láti Ore. Rìlwánù lorúkọ ẹni tó gbé mi. A ò tíì kúrò lójú títì ńlá tó fi bi mí léèrè ẹni tí mò ń lọ rí.

"Bàbá Dúródọlá."

"Bàbá elẹ́gbẹ́ awo yẹn? Wọ́n ní ọmọ àbúrò wọn tó lọ yunifásítì ló tú wọn fó. Ọmọ burúkú."

Mo ní lóòótọ́ ni, ọmọ náà ò dáa rárá.

Nígbà tí a dé, mi ò kọ́kọ́ kí ẹnikẹ́ni. Kí n rí ohun tí mi ò mọ ìdí ẹ̀ kí n sì fi sílẹ̀, kò sí lára mi. Mo fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yọ, mo tọ ojú ibi tó là náà, mo ń ki ìgbálẹ̀ bọ̀ ọ́ ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta. Nídìí ilé Bàbá, kò jìn ju oríkèé ìka kan lọ. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé gbogbo ìgbálẹ̀ mì. Kò sì là gbọọrọ níbẹ̀, ṣe ló tẹ̀ kọrọdọ bí ọrun, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ẹ̀yìn pẹpẹ ká.

Níwájú ilé Bàbá, ọkùnrin mẹ́fà ti wọ sùtánà, wọ́n gbé dígà àti ṣọ́bìrì lọ́wọ́. Wòlíì Eli dúró níwájú wọn láìwọ bàtà. Bàbá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n na ẹsẹ̀ dí i. Àwọn obìnrin ti se pupurú ẹ̀gẹ́ àti ọbẹ̀ marúgbó dúdú sílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ gbẹ́lẹ̀.

Monílọ́lá ló kọ́kọ́ rí mi. "Ọ̀gá òkúta. Ṣé yunifásítì ni wọ́n ti kọ́ ẹ pé kí o máa kọ Yorùbá láìfi àmì sí i?"

"Ìwọ náà ńkọ́? Láàárín àwo àti awo, èwo lò ń fọ̀ lójoojúmọ́?"

"Àwo ni mò ń fọ̀. Awo la sì ń fi àdúrà lé lọ lójoojúmọ́. Àdúrà ni mo dúró fún lọ́jọ́ náà."

Mo dọ̀bálẹ̀ fún Wòlíì, mo tọrọ ìṣẹ́jú márùn-ún, abọ́ ọbẹ̀ kan, àti òkèlè pupurú méjì. Mo tẹ òkèlè méjèèjì pẹlẹbẹ, mo gbé wọn lé ojú ọbẹ̀.

"Ẹ wò ó. Èyí ni Áfíríkà, èyí ni Brazil. Nígbà kan, wọ́n lẹ̀ mọ́ra." Mo rọra fà wọ́n sọ́tọ̀, ọbẹ̀ dúdú sì yọ láàárín wọn. "Bí òkun ṣe là láàárín àwa àti àwọn nìyí. Òkúta gbígbóná ń tinú ilẹ̀ jáde síbẹ̀, ó ń tutù, ó ń di òkúta dúdú. Ibẹ̀ ni etí àwo tí mo wí. Wọ́n ṣì ń jìnnà síra wọn dòní, díẹ̀díẹ̀, bí èékánná ṣe ń hù."

Mo wá gbún wọn pọ̀. Pupurú wú sókè láàárín. "Tí àwo méjì bá kọlu ara wọn, òkè gíga ló máa ń di." Mo ti ọ̀kan wọ abẹ́ èkejì. "Tí ọ̀kan bá rì sábẹ́ èkejì báyìí, òkè tó ń pọ iná máa ń yọ lórí ibẹ̀. Tí wọ́n bá ń ha ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ilẹ̀ á mì. Kò sí ìkankan nínú rẹ̀ ní Omifunfun."

Àwọn obìnrin ń mi orí. Mo rò pé mo ti jàre.

Wòlíì wo abọ́ náà dáadáa. "Kí ló ń tì wọ́n?"

"Ooru tó wà nísàlẹ̀, sà."

"Ooru bíi ti kí ni?"

Ẹnu mi yá ju ọpọlọ mi lọ. "Bíi ti iná, sà."

Wòlíì yíjú sí ìjọ. "Ẹ gbọ́ o. Ó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ pé iná wà lábẹ́ ilé Bàbá." Ọkùnrin tó gbé dígà tutọ́ sọ́wọ́, ó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà. Bàbá ò gbé ẹsẹ̀ wọn kúrò.

Mo rí i pé ìmọ̀ ò ní gbà wá. Ó ku ẹ̀tàn.

"Ó dáa, Bàbá Wòlíì," ni mo wí. "Ẹ jẹ́ ká gbẹ́ ẹ. Àmọ́ àwo kan náà tó gbé ilé Bàbá ló gbé ṣọ́ọ̀ṣì, ló gbé Ore, ló dé Íjíbítì. Ẹni tí kò bá sí lórí ẹ̀ nínú wa, kó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè."

Mo rí i tí Wòlíì gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Wọ́n gbé e díẹ̀, wọ́n ronú, wọ́n rọra dá a padà. Obìnrin kan fi ìbòrí rẹ̀ bo ẹnu. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ò tiẹ̀ bo tiẹ̀, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Tó bá jẹ́ gbogbo wa la wà lórí ẹ̀," ni mo tún wí, "ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ti là jìn jù. Ẹ̀yìn pẹpẹ ni. Ohun tó bá wà níbẹ̀ kò lè ṣòro fún wòlíì láti hú."

Kò sí bí Wòlíì ṣe lè ní àwọn ń bẹ̀rù ẹ̀yìn pẹpẹ. Wọ́n juwọ́, àwọn ọkùnrin náà kó dígà lọ síbẹ̀. Wọn ò tíì gbẹ́ ẹ dé orúnkún tí ṣọ́bìrì fi rì wọlé fúnra rẹ̀. Ohun tó gbé jáde rọ̀, ó dúdú, ó ń rùn bí igi jíjẹrà. Lẹ́búlẹ́bú pákó ni, irú èyí tí wọ́n ń kó dànù níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú ní Ore.

"Kànga àtijọ́ ni," ni ọ̀kan nínú wọn wí.

Monílọ́lá ló sọ̀rọ̀, ó ń wo ilẹ̀. "Ó wà nínú ìwé ìpàdé. Nígbà tí a fẹ́ fa pẹpẹ sẹ́yìn, Bàbá ní ká fi òkúta dí kànga. Bàbá Wòlíì ní lẹ́búlẹ́bú pákó yá ju òkúta lọ."

Pákó ti jẹrà, ó ti sọ̀ kalẹ̀, ilẹ̀ tó yí i ká sì ń tẹ̀lé e. Mi ò ní láti ṣàlàyé ìyẹn fún ẹnikẹ́ni. Àgbẹ̀ ni wọ́n, wọ́n mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ihò tí a ò dí dáadáa.

Wòlíì Eli fúnra wọn ló gbé òkúta àkọ́kọ́, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn nítorí ẹ̀. Títí oòrùn fi kan àtàrí, gbogbo wa ń ru òkúta, sùtánà ti di aláwọ̀ ilẹ̀. Bàbá dúró lẹ́bàá kànga, wọ́n ń tọ́ka ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa jù ú sí, wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà.

Nígbà tí ó kún, Wòlíì fa kọ́kọ́rọ́ yọ lápò, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí Bàbá.

Bàbá wò ó. "Iwájú ìjọ lẹ ti gbà á, Wòlíì. Ọ̀la ọjọ́ Ìsinmi, ìjọ á pé. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ fún mi."

Wọ́n yí padà, wọ́n wọ yàrá wọn lọ, mo sì ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gbá ilẹ̀ sìmẹ́ńtì náà.