Ihò Kẹta Nínú Ẹ́ńjìnnì Ọ̀gá Tak

Ikùn ẹja ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń jẹun ọ̀sán nídìí tábìlì Màdáámù Hong, ọ̀gá wa obìnrin, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí a ti ń tún mọ́tò ṣe ní Daegu, ní Kòríà. Bí ó bá ti sun ẹja oníyọ̀, á fi ọ̀pá ìjẹun tín-ín-rín méjì já ikùn rẹ̀, ibi tó lọ́ràá jù, á gbé e lé orí ìrẹsì mi. Kì í sọ̀rọ̀ bó bá ń gbé e, èmi náà kì í dúpẹ́. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Lọ́jọ́ Ajé kan nínú oṣù kẹwàá, ó já ikùn ẹja, ọwọ́ rẹ̀ kọjá lórí abọ́ mi, ó lọ gbé e lé orí ìrẹsì Gi-hwan.

Kí n má parọ́, mo fi ìrẹsì ọjọ́ náà sílẹ̀ nínú abọ́.

Gi-hwan kò tíì pé oṣù mẹ́jọ lọ́dọ̀ wa. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, ó ga, èékánná rẹ̀ sì mọ́ ju ti dókítà lọ. Mẹkáníìkì wo ló ń rí bẹ́ẹ̀? Òun ló mú iṣẹ́ èèpo asálà wá sí ṣọ́ọ̀bù wa. Àwọn mọ́tò ìsinsìnyí, epo wọn kì í gba ara fáàfù tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé kọjá mọ́, inú ibi ìjóná gan-an ló ń bọ́ sí. Fáàfù náà kò wá rí ohun tí yóò fọ̀ ọ́. Èéfín àti òróró á máa lẹ̀ mọ́ ọn títí yóò fi dúdú, tí yóò sì nípọn bí ìdí ìkòkò àṣè. Mọ́tò á máa wúkọ́ láàárọ̀, kò ní lè gun òkè dáadáa mọ́. Láyé tèmi, oògùn la máa ń dà sí i, a ó wá máa fi búrọ́ọ̀ṣì àti irin tín-ín-rín ha á fún wákàtí mẹ́fà, tí ẹ̀yìn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kán. Gi-hwan á rọ èèpo asálà lílọ̀ sínú ìbọn afẹ́fẹ́, á fọ́n ọn, rọ́bà gbọọrọ kan á máa fa ìdọ̀tí jáde, láàárín wákàtí kan fáàfù á máa dán bí ṣíbí tuntun. Á ya fọ́tò rẹ̀ kó tó ṣe é, á tún yà á nígbà tó bá ṣe é tán. Àwọn oníbàárà a sì máa wo fọ́tò náà bí ẹni ń wo ọmọ ọwọ́. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, wọ́n ti ń pe fóònù ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń béèrè bóyá Gi-hwan wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń béèrè Seok-bae mọ́. Èmi ni Seok-bae.

Mo ń jowú, mo sì mọ̀ pé mo ń jowú. Bí ìyálé tó ń gbọ́ tí gbogbo ilé ń yin ọbẹ̀ ìyàwó tuntun ni mo rí. Mo máa ń sọ fún ara mi pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ṣùgbọ́n ta ló ń ra àkísà?

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí mo fi jẹ́ àgbà níbẹ̀. Ènìyàn méjì ló ń ṣe iṣẹ́ asálà ní ṣọ́ọ̀bù wa. Ẹnì kan á dùbúlẹ̀ sórí páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú, á máa fi sípánà yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀ títí fáàfù ihò afẹ́fẹ́ tí a fẹ́ fọ̀ yóò fi tì pátápátá, á wá pè é pé ó ti tì. Ẹnì kejì tó dúró lókè á fọ́n. Bí a bá fọ́n nígbà tí fáàfù ṣí, èèpo asálà á wọnú sìlíńdà, ibi ìjóná náà gan-an, bí wọ́n bá sì tan ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, ó parí nìyẹn. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí Gi-hwan dé, mo pè é, ó tún gbé tọ́ọ̀ṣì, ó ń yọjú wo inú ihò. Mo dìde nílẹ̀. Mo bi í pé ṣé ojú mi ló fọ́ ni, àbí ẹgbẹ́ rẹ̀ ni mí tí yóò fi máa yẹ ọ̀rọ̀ mi wò. Ó tẹrí ba, ó ní kí ẹ̀gbọ́n má bínú. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ní ó ti tì, ó ti tì nìyẹn.

Ní ọjọ́ kejì ọjọ́ ikùn ẹja, Màdáámù wa mọ́tò ọkọ rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù. Ó ti di ọdún mẹ́rin tí ọkọ náà, Ọ̀gá Tak, ti kú, mọ́tò náà kò sì mọ ọwọ́ ẹlòmíràn àfi tèmi. Èmi ni mo ń pààrọ̀ òróró rẹ̀, èmi ni mo mọ nọ́ọ̀tì tí kì í fẹ́ tú. Ó ti ń wúkọ́ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo ti nawọ́ sí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí Màdáámù tó sọ̀rọ̀.

"Gi-hwan ni kó fọ́n ọn," ó ní. "Seok-bae, ìwọ lọ yí i fún un."

Yí i fún un. Èmi. Lára mọ́tò oníbàárà, kò burú; ṣùgbọ́n kí n nà gbalaja sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà Ọ̀gá Tak, kí ọmọ àná dúró lé mi lórí. Mo dùbúlẹ̀ ṣá. Màdáámù gbé àga kékeré kan, ó jókòó tì wá, ó ki ọwọ́ bọ àpò ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀.

Ihò kìíní, mo yí i, mo pè é, ó fọ́n. Ihò kejì bákan náà. Nígbà tí ó fọ ìyẹn tán, Màdáámù dìde, ó yọjú wò ó, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bí ọkọ òun bá wà láyé ni, yóò fẹ́ràn ọmọ yìí. Ó wá wọlé lọ wo ẹja rẹ̀ lórí iná.

Ó wá kan ihò kẹta. Mo fi sípánà kọ́ nọ́ọ̀tì, ṣùgbọ́n n kò yí i dé ibi tó yẹ. Mo mọ̀ pé kò tíì tì. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi.

"Ó ti tì," ni mo wí.

Láti ilẹ̀ tí mo wà, bàtà Gi-hwan nìkan ni mo ń rí. Ó sún síwájú, ó tún sún sẹ́yìn. Ó fẹ́ wò ó. Kò wò ó. Ìbọn afẹ́fẹ́ dún.

Kò pẹ́ tó ìgbà téèyàn máa fi mí lẹ́ẹ̀mejì tí ohùn rẹ̀ fi yàtọ̀. Èèpo ń wọlé, rọ́bà kò rí nǹkan fà jáde. Gi-hwan pa á. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò mí lójú níbi tí mo dùbúlẹ̀ sí. Ó mọ̀, mo sì rí i pé ó mọ̀.

Màdáámù ti jáde padà nítorí pé ariwo dákẹ́ lójijì. Gi-hwan dìde, ó kọjú sí i.

"Mo ti ṣẹ̀, Màdáámù," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n ò tíì pè é tí mo fi fọ́n ọn. Asálà ti wọnú sìlíńdà."

Obìnrin náà wo mọ́tò ọkọ rẹ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má tan án, kí a tú orí ẹ́ńjìnnì náà sílẹ̀ ká kó gbogbo rẹ̀ kúrò, òun ò lè fi mọ́tò olóògbé ta tẹ́tẹ́. Ó ní ká kọ́kọ́ wá jẹun ná.

Nídìí tábìlì, ó já ikùn ẹja, ó gbé e lé orí ìrẹsì mi. Ó wá yọ kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù jáde látinú àpò rẹ̀, èyí tí Ọ̀gá Tak so okùn pupa mọ́, ó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ mi.

"Orúnkún mi ò gbé mi mọ́," ó ní. "Òní ni mo fẹ́ fún ọ. Ìdí tí mo fi ní kó o lọ yí i nìyẹn. Nígbà ayé ọ̀gá rẹ, ta ló ń yí ẹ́ńjìnnì?"

Ọ̀gá Tak ni. Nígbà tí a ṣì ń fi búrọ́ọ̀ṣì ha á, èmi ni mo ń dúró lókè, òun ló ń dùbúlẹ̀ sórí páálí, tí yóò pè é, tí n ó sì gbà á gbọ́. Ọ̀rọ̀ ẹni tó wà nílẹ̀ ni ẹni tó wà lókè fi ń ṣiṣẹ́. Ibi tí mo pè ní ẹ̀gàn, àga ọ̀gá ni.

Ó ní ikùn ẹja tí òun fún Gi-hwan lánàá, òun fi ń bẹ̀ ẹ́ kó dúró tì mí ni, nítorí àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá ti ń wá a. Ó wá yíjú sí i. Ó ní ẹni tí kò lè dúró gbọ́ ìpè àgbà kò lè bá Seok-bae ṣiṣẹ́, kó parí iṣẹ́ rẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ yìí. Gi-hwan tẹrí ba.

Gbogbo ohun tí mo fẹ́ ló wà níwájú mi yẹn: ṣọ́ọ̀bù, ẹja, àti ẹ̀yìn Gi-hwan lójú ọ̀nà. Kí n sáà ti máa jẹun lọ ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, ọwọ́ èmi gan-an ni mo sì fi wọ́ ọ. Mo gbé ọ̀pá ìjẹun mi kalẹ̀.

"Mo pè é, Màdáámù. Mo pè é nígbà tí kò tíì tì, mo sì mọ̀ pé kò tíì tì."

"Kí ló dé?"

"Owú ni."

Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Ó mú kọ́kọ́rọ́ náà, ó dá a padà sápò, ó ní kí n jẹ ẹja mi kó tó tutù. Mo jẹ ẹ́. N kò jẹ ohun tó korò tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́ méjì gbáko la fi tú orí ẹ́ńjìnnì Ọ̀gá Tak, tí a ṣa èèpo asálà kúrò nínú ihò náà, tí a sì dì í padà. Ẹ́ńjìnnì náà tàn, kò wúkọ́ mọ́. Màdáámù ní kí Gi-hwan má lọ. Èmi àti Gi-hwan kò sọ̀rọ̀ kan ju orúkọ sípánà lọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, tíṣà kan gbé mọ́tò rẹ̀ wá fún iṣẹ́ asálà, ó dúró tì wá, ó ń wò wá. Mo tẹ́ páálí, mo dùbúlẹ̀. Mo yí i díẹ̀díẹ̀ dé ibi tó yẹ gan-an, mo tún fi ọwọ́ dán an wò, mo wá pè é pé ó ti tì.

Bàtà Gi-hwan kò sún. Mo gbọ́ tí tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tàn. Ó bẹ̀rẹ̀ sórí ẹ́ńjìnnì níṣojú oníbàárà, ó ń wo inú ihò náà, ó wò ó pẹ́. Mo nà sílẹ̀ níbẹ̀, sípánà wà lọ́wọ́ mi, mo ń dúró kó sọ fún mi bóyá òótọ́ ni mo sọ.